Àwọn Tó Ni Ìwé Agbẹ̀bí

Obìnrin kan wà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwé títúnṣe. Ìwé tó ti gbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ẹlòmíràn ìbá fi dáná, bó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, á tún di ohun tí à ń na ọwọ́ méjèèjì gbà. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún díẹ̀. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà ju ènìyàn mẹ́rin lọ, ìkarùn-ún á dúró sẹ́nu ọ̀nà ni: tábìlì gígùn kan lábẹ́ fèrèsé, irin wúwo tó fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, páànù òwú àti abẹ́rẹ́, àti awọ ẹran tó fi kọ́ sára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Bó bá gbé ìwé àtijọ́ lọ́wọ́, á sọ ibi tó ti rìn dé fún ọ. Á fi imú kan ojú ìwé, á ní, "Ẹni tó ni èyí tẹ́lẹ̀ ń mu sìgá." Á tún gbé òmíràn, á ní, "Ilé tí òjò ń jò ni èyí gbé." Ọkọ rẹ̀, tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ awakọ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwé nìkan ni ìyàwó mi mọ̀ ọ́n kà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ka èmi, kò tíì dé ojú ìwé kejì."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá ilé ìkàwé gbé ìwé kan wá bá a, ó fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun. Ọ̀gá yìí kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì fẹ́ràn Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ débi pé "ìyá mi" ló ń pè é.

"Ìyá mi, ẹ wá wo ohun tọ́wọ́ wa bà," ló wí. "Ìwé àwọn agbẹ̀bí ni, ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Gbogbo àwòrán inú ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà kan ló ni ín, ó kú, àwọn ọmọ ẹ̀ bá tà á fún wa. A fẹ́ pàtẹ ẹ̀ kí gbogbo èèyàn wá wò ó, ṣùgbọ́n a ò mọ àwọn tó ni ín ṣáájú lọ́yà. Ẹ bá wa tọpa wọn. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ìtàn ẹ̀ lọ́jọ́ ìpàtẹ."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí i. Kò tíì ka lẹ́tà kan tí ẹ̀rín náà fi kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Òwú ló kọ́kọ́ rí. Ọlọ́wọ́ òsì ni obìnrin yìí. Gbogbo àwọn tó ń rán ẹ̀yìn ìwé nílùú, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń rán an, kókó òwú wọn a máa wà lókè. Tirẹ̀ nìkan ló ń wà nísàlẹ̀. Kókó mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ìwé yìí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì wà nísàlẹ̀. Ó ṣí ewé àkọ́kọ́, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe àkọ́kọ́. Ewé kan ti wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi abẹ gé kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò ju fífẹ̀ irun orí lọ. Ó mọ abẹ náà. Ó mọ ọwọ́ tó dì í mú.

"Ṣé kò sí, ìyá mi?" ni ọ̀gá ilé ìkàwé bi í.

"Kò sí nǹkan," ló dáhùn. "Fi í sílẹ̀. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Bí ìyẹn ti jáde, ó fa aṣọ funfun náà bo ìwé, ó jókòó tì í.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, òwe náà kò bá a mu. Òun ló ṣu, kò sì sí ọdún kan nínú ogójì ọdún tó kọjá tí kò rántí.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ìwé ṣe, tó sì tún ń ta ìwé àtijọ́ fún àwọn olówó. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ agbẹ̀bí gbé ìwé yìí wá pé kí wọ́n bá òun tún ẹ̀yìn rẹ̀ rán. Ọ̀gá kò sí nílé, òun ló gbà á. Ìyá náà jókòó, ó ń fi ìka tọ́ka sí ewé àkọ́kọ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Dókítà inú ọkọ̀ ojú omi kan ló kọ́kọ́ ni ìwé náà. Nígbà tí ìyàwó dókítà fẹ́ẹ́ kú sórí ìkúnlẹ̀, agbẹ̀bí kan gbà á là, dókítà bá fi ìwé náà ta á lọ́rẹ. Agbẹ̀bí yẹn fi í sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló wá kọ́ ìyá yìí níṣẹ́, tó sì fi ìwé lé e lọ́wọ́. Orúkọ mẹ́rin tò wálẹ̀ lórí ewé náà, ti ìyá ló kẹ́yìn. Létí àwọn ojú ìwé tó kù, wọ́n ti kọ ọjọ́ àti àkókò àwọn ìbí tó le: ìbejì tó mú ẹsẹ̀ wá, ọmọ tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn tó sì yè.

"Ọwọ́ gbogbo wa ló wà nínú ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Bá mi rọra ṣe é, ọmọ mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà," ni òun dá a lóhùn.

Kò pé oṣù kan, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ pé ìyá ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. "Ìyẹn ò ní padà wá mọ́," ni ọ̀gá wí. "Lọ́yà kan sì ń wá irú ìwé yìí lójú méjèèjì. Àmọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti kọ nǹkan sí i. Gé ewé iwájú, kí o sì fọ èyí tó wà létí."

Ì bá kọ̀. Ọ̀gá kò fi ọ̀pá lé e, kò sì dẹ́rù bà á. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà wù ú. Kò sí ẹlòmíràn nílé iṣẹ́ yẹn tó lè yọ yíǹkì kúrò lára ìwé kí ìwé má mọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rin ojú ìwé náà pẹ̀lú òwú àti oògùn, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó parí, ọ̀gá gbé ìwé náà sójú oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀!" Láti ọjọ́ náà lorúkọ yẹn ti mọ́ ọn lórí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìyá agbẹ̀bí dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Bí ọ̀gá ti gbóhùn rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ́ wọ yàrá inú.

"Ọmọ mi, mo wá gba ìwé mi."

"Ìwé wo, Mà?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìwé wo kẹ̀? Ṣebí ìwọ ni mo gbé e fún."

"Ẹ ò gbé ìwé kankan wá síbí, Mà. Bóyá ibòmíràn lẹ gbé e lọ. Ara àgbà ni."

Ọ̀gá ló kọ́ ọ pé kó sẹ́. Ṣùgbọ́n "ara àgbà ni" yẹn, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Òun ló ti apò ara rẹ̀ mú un jáde.

Ìyá wo tábìlì, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo tábìlì. Kò jà. Ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Mo dé báyìí, mo jókòó báyìí," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ì bá tún sàn díẹ̀ bó bá tán síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá padà wá. Kò béèrè ìwé mọ́. "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni," ló wí. "Mo fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ láìnídìí. Mo ti tú gbogbo ilé, mo ti wá rí i pé orí mi ni kò pé mọ́. Má gégùn-ún fún mi o." Lórí ẹsẹ̀ tí kò tíì san dáadáa yẹn, ó ti ń tẹ̀ wálẹ̀ láti kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún méjìlélógún. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sáré dì í mú lápá. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Ó ti tán nínú mi."

Ohun tó sọ nìyẹn. Ẹni tó jà lólè ló ń bẹ̀ ẹ́, ó sì gba ẹ̀bẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi tọpa ìwé tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló pa ojú ọ̀nà rẹ́. Ó lọ sí ilé àwọn ọmọ lọ́yà, wọ́n gbé páálí ìwé bàbá wọn kalẹ̀ fún un. Ó rí ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá rẹ̀ kọ fún lọ́yà, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀. Ọ̀gá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ta ìwé kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Ó padà sílé, ó gbé ìwé sí fèrèsé láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sára rẹ̀. Gègé tí wọ́n fi kọ orúkọ lórí ewé tó gé ti tẹ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ wọnú. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, láìní yíǹkì, bí ojú àpá. Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kò ronú kan ewé tó wà lábẹ́.

Ó kọ ìtàn ìwé náà. Ó kọ dókítà, ó kọ agbẹ̀bí mẹ́ta, ó kọ lọ́yà. Ibi tó yẹ kó kọ ara rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ sí, ó kọ ọ́ pé: "A kò mọ bí ìwé yìí ṣe kúrò lọ́wọ́ agbẹ̀bí kẹta."

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìkàwé kà á, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. "Ìyá mi, ojú yín mà ríran o! Àfi bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀!"

Ojú tì í débi pé kò lè dá ìdìmọ́ náà padà. Ó kàn nàró gbagidi bí òpó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò lè jẹun. Ọkọ rẹ̀ ń wo àwo oúnjẹ, ó ń wo ìyàwó rẹ̀. "Ìwé wo ló tún gbé ọ lọ́kàn?" ló bi í. Ó bá jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ìkankan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe.

"Ọ̀gá rẹ ti kú. Ìyá náà á ti kú. Ta lo wá fẹ́ lọ bá?"

"Ìyá ní ọmọ."

"Bó o bá lọ, ìwọ náà mọ̀ pé orúkọ rẹ bà jẹ́ nílùú yìí."

"Orúkọ wo? Ṣebí ibi tí mo ti jalè ni mo ti rí i."

Ọkọ rẹ̀ nasẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ pa orí. "Ó dáa," ló wí. "Màá sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. N ò ní bá ọ wọlé o, torí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu ẹnì kan ni."

Kò ṣòro láti rí ilé náà. Ọkùnrin kan tó ń ta ìṣó àti irin ládùúgbò ibẹ̀ ló júwe rẹ̀ fún wọn. "Ilé ìyá agbẹ̀bí? Háà, ọwọ́ ìyá yẹn ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi sí, kó tó di pé orí rẹ̀ dàrú." Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fẹ́ yí padà. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an tí kò fi ríbi sá gbà.

Ọmọbìnrin ìyá agbẹ̀bí ló ṣílẹ̀kùn. Òun náà ti dàgbà, ó lé láàádọ́rin ọdún, iṣẹ́ aránṣọ ló ṣe kí ojú tó dùn ún. Ó fi àga hàn án, ó bu omi fún un. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, ó fi aṣọ bò ó.

"Ẹ ní ọ̀rọ̀ ìwé kan ló gbé yín wá, Mà?" ni aránṣọ béèrè.

"Ìwé kan tí ìyá yín ní nígbà ayé wọn ni, Mà. Ìwé agbẹ̀bí tó ní àwòrán."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ìwé yẹn! Ìwé yẹn la fi mọ̀ pé orí Màmá ti ń lọ. Wọ́n ní àwọn gbé e fún ẹnì kan kó tún un ṣe, wọ́n débẹ̀, ẹni yẹn ní òun ò rí wọn rí. Bí wọ́n ṣe kó gbogbo irinṣẹ́ wọn jọ nìyẹn, tí wọ́n kó o fún ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ ibi tó gbé ìwé sí, kò gbọdọ̀ fọwọ́ gba ọmọ mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn lẹ̀mí ẹ̀! Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jókòó sórí àga tí ẹ jókòó sí yẹn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ka orúkọ àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ bóyá ó ṣì pé."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ife omi sílẹ̀ láìmu ún. Ó dìde lórí àga náà.

"Wọn ò gbàgbé, Mà," ló wí. "Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Èmi ni mo gbà á. Ọ̀gá mi tà á, èmi ni mo gé orúkọ wọn kúrò, èmi náà ni mo sì wo ojú wọn tí mo ní wọn ò gbé nǹkan kan wá. Wọ́n padà wá bẹ̀ mí, Mà. Mo gba ẹ̀bẹ̀, mo ní ó ti tán nínú mi."

Aránṣọ ń yọ òwú tí kò sí lára aṣọ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ti fi ọ̀wọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Ṣé orí rẹ̀ pé?"

"Orí wọn pé, Mà. Ó pé pérépéré."

Aránṣọ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ló ń sunkún. "Àwa la gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ẹ̀," ló ń wí. "Bó bá ní òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, a máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹ̀. Ó ní àlejò kan wá kí mi, mo ní 'Màmá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.' Àlejò yẹn sì wá! Ó wá lóòótọ́!"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀. Aránṣọ na ọwọ́ sí i, bí ẹni ń lé ewúrẹ́. "Dìde. Mo ní kí o dìde! Àbí o fẹ́ kí èmi náà ní ó ti tán nínú mi?"

Ó dìde. Kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Mà?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ pé orí ìyá mi pé. Kí o sì kà á fún wọn lójú mi."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìkàwé, ó fún un ní ewé tuntun. Ọ̀dọ́bìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó lọ dúró sí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i.

"Ṣé kí n wá ẹlòmíràn tó máa kà á lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá."

"Ó dáa, Mà." Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní ìyá mi mọ́.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé, ilé ìkàwé kún. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, aránṣọ jókòó níwájú pátápátá, ó gbé àpò lé itan. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kà á. Nígbà tó dé ibi dókítà àti ọkọ̀ ojú omi, àwọn ènìyàn ń mi orí. Nígbà tó dé ibi ara rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà látòkè. Ẹnì kan lẹ́yìn ní "Háà!" Ẹlòmíràn pòṣé. Gbogbo àwọn oníwèé tó ti fi ìwé ìran wọn lé e lọ́wọ́ ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ó kà á dé ìlà tó kẹ́yìn: "Agbẹ̀bí yìí kò gbàgbé ohunkóhun. Orí rẹ̀ pé títí ó fi kú. Irọ́ ni wọ́n pa fún un." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Aránṣọ dìde, ó rọra fọwọ́ kan ìwé náà, ó ní kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì fi ewé tí wọ́n kà náà tì í. Ó jáde láì wo Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀.

Àwọn kan wá gba ìwé wọn padà láì tíì parí iṣẹ́. Àwọn kan dúró tì í. Ẹnì kan sọ fún un lójú pé, "Mo mọ̀ pé o ò ní jí tèmi, ìtìjú á dì ọ́ lọ́wọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, torí kò mọ èsì mìíràn tí èèyàn ń fọ̀.

Ó tó oṣù márùn-ún kí aránṣọ tó wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò kí i dáadáa, kò sì bínú. Ó jókòó sórí àpótí.

"Ọjọ́ tí ìyá mi wá bẹ̀ ọ́, aṣọ wo ló wọ̀?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò ní láti ronú. "Aṣọ aláwọ̀ aró kan ni, Mà, tó ní òdòdó funfun kéékèèké. Bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀ ti já, wọ́n fi abẹ́rẹ́ há a."

Aránṣọ fọwọ́ kan ọrùn aṣọ tirẹ̀.

"Èmi ni mo rán aṣọ yẹn," ló wá wí. "Ó mú un wá bá mi pé bọ́tìnnì ọrùn ti já. Mo ní, 'Màmá, mo ti tún un ṣe fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ti tún gbàgbé.' N ò wo aṣọ náà."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fa àpótí kejì jáde, ó jókòó. Ọkọ̀ kan kọjá lóde, ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ lókèèrè. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì.